Bí A Ṣe Ń Wo Kúrómósómù Bakitéríà Láìba Ìtò Rẹ̀ Jẹ́

Kúrómósómù (okùn DNA) bakitéríà E. coli gùn tó mílímítà 1.5, síbẹ̀ inú ara bakitéríà tí kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 2 lọ ló ká jọ sí. Hi-C, ọ̀nà ìwádìí DNA kan, ló ń fi hàn wá apá tó ń kan apá; máíkírósíkóòpù ló ń fi hàn wá bí gbogbo rẹ̀ ṣe jókòó.

Gbin E. coli K-12 (irú èyí tí a ń lò ní yàrá ìwádìí) sínú LB (omi oúnjẹ bakitéríà) mọ́jú. Lówùúrọ̀, bu ú sínú LB tuntun ní 1:200, kí o máa mì ín ní 37°C. OD600 (ìwọ̀n bí omi náà ṣe ki tó) 0.2 sí 0.3 ni kí o ti mú un. Tó bá ti ki bí omi ògì, dà á nù: oúnjẹ rẹ̀ ti tán, Dps, purotéènì kan, sì ti di DNA pa. Bí iná bá lọ, kúlà tó ní omi gbígbóná 37°C tó. Máa fọwọ́ mì ín. Má gbé e sórí yìnyín.

Fi DAPI (àwọ̀ tó ń mú DNA tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ UV) máíkírógíráàmù 1 fún mílílítà kan sí i, ìṣẹ́jú 15, nínú òkùnkùn.

Páàdì ágárósì, ohun dídì pẹlẹbẹ tí bakitéríà ń jókòó lé, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Yọ́ gíráàmù 0.15 nínú mílílítà 10 omi iyọ̀ M9. Má fi LB ṣe é, torí òun fúnra rẹ̀ máa ń tàn lábẹ́ UV. Ágà lásán kò ṣeé fi rọ́pò: ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń tàn. Lẹ sẹ́lótéèpù ní ìpele méjì sórí gíláàsì méjì, fi gíláàsì kẹta tí kò ní sẹ́lótéèpù sáàárín wọn, kán ágárósì sí i, kí o fi gíláàsì mìíràn dábùú lé e. Tó bá ti dì, fa gíláàsì òkè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́; má ṣí i sókè, páàdì yóò ya.

Bí omi bá dúró lójú páàdì, bakitéríà á máa lúwẹ̀ẹ́, àwòrán á sì ṣú. Bó bá gbẹ jù, á tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ìwọ á rò pé kúrómósómù ló fẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, kì í pẹ́ gbẹ rárá: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí o máa ṣe, nínú àwo tí tíṣù tútù wà. Kán máíkírólítà 1 bakitéríà tó ti gba DAPI sí i, dúró kó fà á mu, bò ó, kí o fi Vaseline dí etí rẹ̀. Má fi mẹ́tánọ́ọ̀lù pa wọ́n nítorí kó lè yá: ó ń fa omi ara wọn gbẹ, ohun tí o fẹ́ wò á fún pọ̀.

Lo lẹ́ńsì 100x pẹ̀lú òróró. Fi ìmọ́lẹ̀ lásán wá ojú rẹ̀ ná, kí o tó ṣí UV fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. UV pẹ̀lú DAPI ń gé DNA.

Máa ya apá kan sọ́tọ̀ nígbà gbogbo, fi chloramphenicol (oògùn tí kì í jẹ́ kí bakitéríà ṣe purotéènì) máíkírógíráàmù 100 fún mílílítà kan sí i fún ìṣẹ́jú 20 ṣáájú DAPI. Kúrómósómù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sún kì. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, páàdì ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.