Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Béèrè fún Àyè Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé Lórí Ìrìn Ayé Ènìyàn

Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé LIFE, tí ilé ìwádìí Max Planck Institute for Human Development dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yunifásítì kan ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní ọdún 2002, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn ṣe ń yí padà láti kékeré títí di ọjọ́ alẹ́ ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ètò ẹ̀kọ́ àti àwùjọ sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà pọ̀. Ẹ mọ̀ pé yunifásítì ni í fúnni ní oyè, kì í ṣe Max Planck. Nítorí náà, ẹ ka ìlànà àwọn méjèèjì.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. "Mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn arúgbó" kò tíì di ìbéèrè. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: ǹjẹ́ obìnrin tí wọ́n mú kúrò nílé ìwé ní ọmọ ọdún 10 kí ó lè máa kiri ọjà a máa tètè gbàgbé nǹkan ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kàwé lọ, nígbà tí àwọn méjèèjì bá pé 70? Onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nìkan kò lè dá a dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ọpọlọ nìkan kò lè dá a dáhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀rí, nítorí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi ọdún mẹ́rin tẹ̀lé ènìyàn fún 60 ọdún. Láti 1984 ni ìwádìí SOEP (Socio-Economic Panel), tó ń wo bí àwọn ìdílé ṣe ń gbé ayé, ti ń padà lọ bá àwọn ìdílé kan náà lọ́dọọdún ní Jámánì. Nílé wa níbí, Ibadan Study of Ageing, ìwádìí lórí ìdarúgbó, bẹ̀rẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú àwọn àgbà 2,152 tí wọ́n ti tó 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìwádìí bóyá wọn yóò jẹ́ kí ẹ lò ó, kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín.

Ẹ wá ka iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ fẹ́ kí ó tọ́ yín sọ́nà, kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i. Ìkíni gígùn tí a fi ń júbà àgbà kò wúlò níbẹ̀: ìlà mẹ́jọ tó láti sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ìbéèrè yín, àti ibi tí ó ti kan iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tètè béèrè fún ìwé èsì ìdánwò yín, nítorí ó lè pẹ́ kí yunifásítì tó fi ránṣẹ́. Ẹ fún àwọn tí yóò kọ lẹ́tà ẹ̀rí ní àlàyé ìwádìí yín pẹ̀lú ọjọ́ tí gbígba fọ́ọ̀mù yóò parí. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Iná mànàmáná lè lọ nígbàkígbà, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo kò fi ní tó fún ìbéèrè yín. Bí ó bá tó, ẹ̀ka náà gan-an ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí.