Bí a ṣe ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Kí ẹ tó gba ẹ̀kọ lẹ́nu ẹni yín tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ nítorí ohun tí ẹ gbọ́ ní Ọjà Ọba, pé ṣúgà ni àrùn náà ń jẹ, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ kò dára.

Otto Warburg, onímọ̀ ará Jámánì, ni ó ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1920 pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa fa glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ju àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù lọ, a sì máa sọ ọ́ di ásíìdì láktíìkì bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà láti jó o tán. Agbára tí èyí ń mú wá kéré: ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára) 2 péré lára glúkóòsì kan, nígbà tí jíjó o tán ń pèsè nǹkan bí 30. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó pákó jọ láti kọ́lé kì í fi gbogbo rẹ̀ dáná. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pín sí méjì léraléra ń wá èròjà tí yóò fi kọ́ òmíràn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí aláìsàn yín jẹun. Bí ẹ bá fi ebi pa á, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ṣe glúkóòsì fúnra rẹ̀, iṣan ara aláìsàn ni yóò sì fi ṣe é, títí yóò fi rù débi tí dókítà lè sún kẹmó, ìyẹn oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, síwájú. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, díẹ̀díẹ̀ bí èébì bá ń gbé e. Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Inú àpò oògùn ni iṣẹ́ tó tóbi jù wà. Ẹ béèrè orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó ń dí lọ́nà. Methotrexate, oògùn jẹjẹrẹ kan, ń dí iṣẹ́ fólíìkì (irú fítámínì kan) lọ́wọ́ kí sẹ́ẹ̀lì má baà rí èròjà fi kọ́ DNA, ohun àbínibí tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tó pín. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, aminopterin, ni dókítà Sidney Farber lò ní Boston ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọdé tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì kéde èsì rẹ̀ ní 1948. Wàyí o, fólíìkì tí àwọn aboyún àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ń lò, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ lè rà ní kẹ́místì láìsí ìwé dókítà, lè ba iṣẹ́ methotrexate jẹ́. Septrin (oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn) àti ibuprofen (oògùn ara ríro) ní tiwọn lè mú kí oògùn náà le ju bí ara ṣe lè gbà á lọ. Bí dókítà bá kọ leucovorin, oògùn tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ methotrexate, lẹ́yìn ìwọ̀n ńlá methotrexate, ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ kúrò ní aago tí ó dá. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo inú ike, kí ẹ sì tú u síwájú apòògùn ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni UNIOSUN.

Oògùn mìíràn, asparaginase, ń pa asparagine, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ purotéènì, run nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí à ń pè ní ALL kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ẹ lè yọ kúrò tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí ara tó kù ń ṣe asparagine. Bí ó bá ń gba oògùn yìí, ẹ ṣọ́ inú rírun kíkankíkan, ara tí ó lé, àti ẹsẹ̀ kan tí ó wú ju èkejì lọ.

Ẹ má sì lọ ra metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fúnra yín láti fi wo jẹjẹrẹ. Ìwádìí ńlá kan lórí jẹjẹrẹ ọmú, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, kò rí i pé ó ń dènà kí àrùn náà padà wá.

Bí ibà bá wọlé lẹ́yìn kẹmó, tí ìwọ̀n ìgbóná ara dé 38°C, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé aláìsàn lọ lóru ọjọ́ náà pẹ̀lú ọ̀rá oògùn yẹn àti káàdì rẹ̀.