Bí bátìrì fọ́kílíìfù wa ṣe sọjí

Fọ́kílíìfù oníná (ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù sókè) tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí wa n'Íkẹjà kì í lò ju wákàtí mẹ́ta lọ mọ́ kó tó kú. Wọ́n ní ká ra bátìrì tuntun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bátìrì 48 fóòtì ni, sẹ́ẹ̀lì (àwọn yàrá kéékèèké inú bátìrì) 24. Nígbà tí mo ṣí ìdérí wọn, omi ti fà nínú mẹ́jọ débi pé òjé inú wọn ti hàn síta. Ó dùn mí gan-an. Omi ẹ̀rọ la sì ti ń bù sí i látẹ̀yìnwá!

Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò, mo rọ omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ) díẹ̀ kó ṣáà bo òjé náà. Ẹ má rọ ọ́ kún kí ẹ tó ṣáájì o: bí iná bá ń wọlé, omi á wú, ásíìdì á sì dà síta. Ìgbà tó ṣáájì kún tán ni mo tó fi omi yòókù sí i. Mo wá tẹ equalize (ṣíṣáájì kọjá kíkún díẹ̀ kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì lè dọ́gba) lára ṣájà, mo ṣí gbogbo fèrèsé, torí gáàsì tó ń jáde lè gbiná.

Ó ti ń lo wákàtí mẹ́fà báyìí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣì rẹlẹ̀ lórí hydrometer (ohun tí a fi ń wọn bí ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ki tó), mò ń ṣọ́ ọ. Tí iná bátìrì bá ti ku 20%, a ti gbé e lọ ṣáájì nìyẹn.