Ẹ Gun Olúmọ Kí Orúnkún Tó Kọ̀: Bí A Ṣe Ń Jayé Kí Ìfẹ̀yìntì Tó Dé

Èmi ni mo máa ń to ìwé àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ wa ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, l'Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe ń yẹ ìwé wọn wò ni wọ́n máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìsinmi náà ṣe fún mi. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ máa rìnrìn àjò. Òmíràn á ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu gángan. Tí wọ́n bá tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nítorí owó wọn, mo máa ń béèrè ibi tọ́rọ̀ dé. Èsì tí mo ń gbọ́ jù ni, "Ẹsẹ̀ yìí ni ò jẹ́," tàbí, "Ẹni tá a jọ fẹ́ lọ ti ṣaláìsí." Owó kọ́ ló máa ń dí ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ó máa ń dùn mí, torí ohun tí wọ́n ń wá kò ju ohun tí wọ́n lè ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Gbogbo ìgbádùn ló ní ìgbà tirẹ̀, wọn kì í sì í jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ pé "tó bá yá" sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó máa kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ yín: orúnkún, eyín, ojú, ọwọ́, àbí èèyàn kan. Èyí tó bá jẹ́ pé owó nìkan ló ń dí i lọ́wọ́, ẹ fi sísàlẹ̀. Ilé alájà kan ní Ọbáńtokò lè dúró dè yín, àga onírọ̀rí náà lè dúró. Èyí tí ẹ bá kọ orúkọ èèyàn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kó ṣáájú gbogbo wọn, kí ti orúnkún tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ owó rèé kíákíá, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa bi mí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó ogbó. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé níléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 ni wọn ó máa yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òwò tara yín lẹ ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ ya ti ọjọ́ ogbó sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àjọ fàájì lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí alájọ bá yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, á gba ₦14,500 lópin oṣù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ owó iléèwé ọmọ, torí owó iléèwé á gbé e mì ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Olúmọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn pọ̀ láàárín àwa ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí sí ìlú yìí, tí a ń fi àpáta náà búra, tí a kò sì tíì gùn ún rí. Àwọn àlejò láti Èkó ló ń gùn ún. Ẹ lọ láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, torí bí ọyẹ́ bá ti bo ojú sánmà, ẹ ò ní rí nǹkan kan lókè. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí òkúta tó gbóná. Bàtà tó dì mọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ fi sílípáàsì sílé. Ẹ má fọkàn sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, àtẹ̀gùn ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún.

Ẹ má sáré. Tí ẹ bá dé abẹ́ àpáta níbi tí àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà ogun, ẹ jókòó. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan àwọn ojú ihò tó wà lára òkúta níbi tí wọ́n ti ń gún nǹkan oúnjẹ wọn. Ó ti dán, ó sì tutù, ẹ ó rí i pé ọwọ́ èèyàn ló dán an bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1830 tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó, ibí yìí ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá wá gun òkè tán, gbogbo ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, Odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo máa ń wá òrùlé ilé bàbá mi láti ibẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí ọmọdé nígbà tí mo bá rí i.

Ti eyín kò gba àlàyé púpọ̀. Kókóró, eegun inú ọbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ tó le, ẹ jẹ ẹ́ nísinsìnyí. Ìrẹsì ọ̀fàdà inú ewé lè dúró, kò le.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ ṣí àpótí tí káńfọ̀ wà nínú rẹ̀. Adìrẹ tí ẹ rà ní Ìtókù tí ẹ ń pa mọ́ de òde ńlá, ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ó bá sì jẹ́ pé adìrẹ ṣíṣe gan-an ló ń wù yín, ẹ lọ bá àwọn ìyá aláró ní ìhà Kẹ́mta nígbà tí ọwọ́ yín kò tíì máa gbọ̀n, torí ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yàwòrán sí lára, nílò ọwọ́ tó dúró. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ri ẹyọ kan sínú aró fúnra yín. Bí ẹ bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Ẹ mú un dání sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀, á máa ṣú lójú yín títí tí yóò fi di aró gidi. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ yìí kó tó fẹ̀yìn tì ti ní ohun tó lè máa fọwọ́ ṣe lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì.

Èyí tí ẹ kọ orúkọ èèyàn sí wá ńkọ́? Ti màámi ni mo fi ṣáájú tèmi. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 2021 ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́. "Ọmọ mi, ta ni yóò bá mi gbé báàgì?" ni wọ́n máa ń fi parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní èmi ni, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ibùdókọ̀ Láàdẹrin jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, nítorí náà tí ẹ bá ń mú àgbà lọ, ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ tàbí onímọ́tò ṣàdéhùn lọ àti bọ̀ láti ilé, kí ẹ sì tètè jáde. Ẹ wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún wọn. Ẹ di mọ́ínmọ́ín àti omi dání. Màámi kò sinmi ẹnu títí a fi dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Gbogbo abúlé tá a kọjá ni wọ́n ní ìtàn tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mi ò gbọ́ rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àyè láti ibi iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gba ìsinmi tó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, kí owó rẹ̀ má dín. Síbẹ̀ mo ń rí fáìlì àwọn tí kò gba líìfù wọn lọ́dún tó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí oṣù kìíní tó parí ni kí ẹ ti kọ lẹ́tà, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó yín lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ jọ fẹ́ lọ, kí òun náà lè lọ tọrọ àyè tirẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní iṣẹ́ pọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló fara mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.