Bí a ṣe ń ṣe wàrà nílé: láti gáà Fúlàní dé ìkòkò ọbẹ̀

Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń ṣe wàrà ní gáà, ibùdó àwọn darandaran, àwọn ni wọ́n sì ń gbé e sínú igbá tàbí báfù pẹ̀lú omi rẹ̀ wá sí Ìpàta, Ọjà Ọba àti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Yorùbá, Gàm̀bàrí, Núpé àti Ìbàrìbá ni ó ń rà á lọ́wọ́ wọn, kálukú á sì gbé e lọ sínú ohun tí ó ń sè. Ìlú tí ó ní Balógun Fúlàní, Balógun Gàm̀bàrí, àti Balógun Ajíkòbí òun Balógun Àlànàmú tí wọ́n jẹ́ ti Yorùbá, kò lè ṣàì pín oúnjẹ jẹ, wàrà sì ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá béèrè oúnjẹ tí kò sí ẹ̀yà kan tí ó lè dá nìkan sọ pé tòun ni: ẹni tí ó ń fún màlúù kì í sábà jẹ ẹni tí ó ń se ọbẹ̀, ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ kò sì mọ bí a ṣe ń fún màlúù. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, mílíìkì ni n ó máa pe ohun tí a fún lára màlúù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, n ó sì fi wàrà pe èyí tí ó ti dì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewé tí a fi ń mú mílíìkì dì ni àṣírí wàrà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ewé náà wà lẹ́bàá ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ já a, ṣùgbọ́n iná tí a kò fi ìkánjú dá ni ó ń mú kí wàrà ṣe é gé, kí ó sì dúró nínú òróró gbígbóná láìfọ́.

Mílíìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lítà márùn-ún máa ń mú wàrà tí ó tó nǹkan bíi kílò kan jáde, nítorí pé nínú 100 gíráàmù mílíìkì màlúù, omi nìkan ń kó bíi 87. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń fún màlúù ní gáà, nítorí náà ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú ni yóò rí èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá gbẹ, mílíìkì máa ń dínkù, owó rẹ̀ sì máa ń gbéra. Ní ìgbà òjò ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ìyá tí ó ń tà á bóyá màlúù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí pé mílíìkì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, èyí tí ó nípọn tí ó sì pọ́n díẹ̀, máa ń dì fúnra rẹ̀ bí iná bá ti kàn án, kò sì ní fún yín ní wàrà gidi. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún màlúù náà ní abẹ́rẹ́, nítorí pé oògùn a máa bá mílíìkì jáde. Ẹ má tọ́ ọ wò ní tútù: àrùn bí ikọ́ ife àti brucellosis lè ti ara màlúù bọ́ sára ènìyàn nípasẹ̀ mílíìkì tí a kò sè.

Ewé tí àwọn obìnrin Fúlàní ń lò ni bomubomu. Igi kékeré ni, ó máa ń hù lórí ilẹ̀ tí a ti pa tì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì; ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì dàbí ẹni pé a bu lẹ́búlẹ́bú funfun lé e lórí. Bí a bá já a, oje funfun á máa kán. Inú oje yìí ni ohun tí ó ń gé purotéènì mílíìkì wà, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó so mọ́ ara rẹ̀ kí ó sì ya kúrò lára omi. Oje kan náà ni ó léwu fún ojú, ó sì lóró bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, nítorí náà kí ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá gún un, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé já a fún yín. Ewé mẹ́ta tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ fún lítà méjì mílíìkì ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ewé púpọ̀ ni yóò mú iṣẹ́ yá, wàrà kíkorò ni yóò jẹ.

Ẹ fi asẹ́ tàbí aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sẹ́ mílíìkì náà sínú ìkòkò tí ó tóbi, kí ó má ju ààbọ̀ ìkòkò lọ, nítorí pé yóò ru. Ẹ gbé e ka iná tí kò le. Bí ẹ bá ń fi igi dáná, ẹ fa igi jáde títí tí yóò fi ku ẹ̀yinná àti ọwọ́ iná kékeré. Bí ó bá jẹ́ sítóòfù gáàsì, ẹ yí i wálẹ̀ pátápátá. Nígbà tí oru fẹ́lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú mílíìkì, tí etí ìkòkò sì gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, ẹ bu ìgbakọ kan nínú rẹ̀ sórí ewé tí ẹ ti gún, ẹ fọwọ́ pò ó, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì da oje rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Ẹ fi orógùn rò ó jẹ́jẹ́ kí ó lè kárí. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í ṣe. Bí mílíìkì bá ti hó kí oje tó wọ inú rẹ̀, ooru yóò ti pa agbára ewé kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí iná bá sì le lẹ́yìn tí oje ti wọlé, yóò dì ní wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, kò sì ní mọ́ra.

Nítorí náà ẹ dúró tì í. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè tó ogójì, gẹ́gẹ́ bí iná àti mílíìkì bá ṣe rí. Bí ẹ bá ti rí i pé ó ń ki, pé ó ń fà mọ́ orógùn, ẹ yọ orógùn kúrò, ẹ má rò ó mọ́. Yóò dì ní odidi, omi tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé yóò máa yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi iná kún un díẹ̀ kí ó hó dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Híhó yìí ni ó ń pa kòkòrò àrùn, òun náà ni ó ń dá iṣẹ́ oje ewé dúró. Àwọn kan máa ń gbé e sọ̀ kí ó tó hó nítorí pé ó ti dì lójú wọn. Wàrà bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó dùn ún fi ọwọ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kan.

Ẹ fi ìgbakọ bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké tàbí sínú asẹ́ tí ẹ tẹ́ aṣọ sí, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro fún bíi wákàtí kan, kí ẹ sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan kí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ lè bára dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó le kí ó lè gé e dín, kí ó gbé àwo tí ó wúwo díẹ̀ lé e. Ẹ má da gbogbo omi wàrà nù, inú rẹ̀ ni ẹ óò tọ́jú wàrà sí.

Bí ẹ kò bá rí bomubomu, tàbí tí ẹ̀rù oje rẹ̀ bá ń bà yín, ọsàn wẹ́wẹ́ yóò ṣe é. Ṣíbí ìjẹun méjì omi ọsàn fún lítà kan ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ti ọsàn yàtọ̀ sí ti ewé: mílíìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó ná, kí ẹ tó máa da omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń ṣe wàrà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní paneer, nìyẹn. Yóò kan díẹ̀ lẹ́nu, yóò sì máa rún ju tibí lọ, ṣùgbọ́n bíi ti wàrà, kì í yọ́ nínú iná.

Orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti fẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n kan, nítorí pé àwọn Fúlàní ibẹ̀, ní agbègbè Ìbàrìbá tí ó bá ìpínlẹ̀ Kwara pààlà, ń ṣe wàrà kan náà. Wagasi ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é dé Tógò àti Gánà. Wọ́n máa ń sè é nínú omi tí wọ́n fi pòpórò ọkà bàbà sí títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pupa, lẹ́yìn náà wọ́n lè sá a sí oòrùn. Ẹni tí ó bá ní pòpórò ọkà bàbà nílé, ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ìkòkò kékeré, kí ó sì jẹ́ kí wàrà náà hó nínú rẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí. Ẹwà rẹ̀ nìkan tó ìdí láti gbìyànjú rẹ̀.

Ní ti jíjẹ, díndín ni ó gbajúmọ̀ jù ní Ìlọrin. Ẹ gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ nu omi ara rẹ̀ dáadáa kí òróró má baà ta, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún wọ́n ọn, kí ẹ sì dín in nínú òróró ẹ̀pà títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, inú ọbẹ̀ ni mo gbà pé ó ti dùn jù: ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí, pẹ̀lú iyán. Ẹ kọ́kọ́ dín in fẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi í sínú ọbẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó lè fa ata àti irú mu. Ẹran kò pọn dandan mọ́ nínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn baálé ilé tí yóò bá mi jiyàn lórí èyí.

Wàrà sóyà tún wà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní àwàrà, tí a sì ń dín tà káàkiri ìlú. Kò sí màlúù nínú rẹ̀ rárá, ìbátan tofu àwọn ará Ṣáínà ni. Ẹ rẹ ẹ̀wà sóyà di ọjọ́ kejì, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì se omi rẹ̀ títí tí yóò fi hó dáadáa, nítorí pé sóyà tí kò jinná máa ń da inú rú. Omi kíkan orí ògì ni ọ̀pọ̀ fi ń mú un dì. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é. Ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, nítorí pé òun kì í le fúnra rẹ̀ bíi ti màlúù.

Wàrà èyíkéyìí tí a kò bá dín, inú omi ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí, nínú fíríìjì bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, kí a máa sè é lárààárọ̀ nínú omi tuntun tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti ń yọ̀, tí ó ń fà bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, kí a má ṣe dín in jẹ, kí a dà á nù.