Ìbọn AR-7 àtijọ́ tí ọta ń há sí lọ́fun
Ọta á yọ lórí màgasíìnì (àpótí tó ń kó ọta sínú ìbọn), imú rẹ̀ á lọ gbún òkè ihò tí ọta ń wọ̀ kí a tó yìn ín, á há síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ màgasíìnì, mo kó ọta kúrò, mo yẹ inú ihò wò pé ó ṣófo. Ètè màgasíìnì ló fa wàhálà: iwájú rẹ̀ ti ṣí jù, ó ń tú ọta sílẹ̀ kí àkókò tó tó. Ẹ̀mú ni mo fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀ o, torí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo fọ ẹ̀gbin ẹ̀tù àti òjé tó gan mọ́ ẹnu ihò. Mo sì fún nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá ìbọn mú le. Ìbọn tí à ń tú kó sínú ìdí ara rẹ̀, nọ́ọ̀tì yẹn a máa dẹ̀. Ọta .22 olórí pẹrẹsẹ ṣì ń há díẹ̀. Olórí róbótó, tí orí rẹ̀ wọn 40 grain, tó ń sáré gan-an, ló ń jẹ: gbogbo ọta 8 inú màgasíìnì ló wọlé.