Bí mo ṣe dá igi kékeré tó ń fò lẹ́nu mítà sọ̀ọ́ dúró

Ẹ̀yin ará mi kápẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ yìí dààmú mi gan-an o. Férémù fọ́tò ni mò ń fi mítà sọ̀ọ́ gé, ìyẹn máṣìn agégi tí a máa ń fa bíléèdì ẹ̀ wálẹ̀ sórí igi, tí mo bá ti gé èyí tó kúrú báyìí, igi tó ṣẹ́ kù á kàn ta jáde bí òkúta kànnàkànnà, ọ̀kan tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ iṣẹ́ mi kọjá, àyà mi já! Mo rò pé bíléèdì ló kú, mo pààrọ̀ ẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà la ṣì wà.

Àṣé àlàfo àárín fẹ́ńsì ẹ̀yìn, ibi tí igi máa ń fara tì, ló fẹ̀ jù, igi kékeré á yẹ̀ síbẹ̀, eyín bíléèdì á gbá a mú, á sọ ọ́ nù. Èmi náà sì tún máa ń gbé orí máṣìn sókè nígbà tí bíléèdì ṣì ń yí.

Mo yọ plọ́ọ̀gì, mo fi skúrù de pláíwúùdù pẹlẹbẹ mọ́ iwájú fẹ́ńsì, mo wá tan máṣìn, mo sọ bíléèdì kalẹ̀ kó la ojú tó ṣe wẹ́kú ara ẹ̀ síbẹ̀, kí igi kékeré má ríbi yẹ̀ sí mọ́. Tí ẹ bá yí i sí dígírì 45, ẹ fi pláíwúùdù tuntun o, torí ojú ti àkọ́kọ́ ò ní bá a mu mọ́. Kíláǹpù ló ń di igi mú báyìí, ọwọ́ mi kì í sún mọ́ bíléèdì tó ínǹṣì 6, tí mo bá gé e tán mo á tú súwíìṣì sílẹ̀, bíléèdì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ kí n tó gbé orí máṣìn sókè. Gọ́gù tó ń dáàbò bo ojú wà lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ rárá, bíléèdì lè fà á mọ́ ọwọ́ yín.